Wáyà Tí A Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Àyà Bàbá Rẹ

Ìlaró,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn òjò.

Ìbídùn ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ tíṣà,

Bí ìwé yìí bá bá ọ níbi tí o ti ń di ẹrù rẹ, fi ẹrù náà sílẹ̀ díẹ̀ kí o jókòó kà á. Bí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe ni o ń tú ẹrù náà padà nítorí ohun tí Bàbá Òkè-Ọ̀dàn, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, sọ fún ọ lórí fóònù, mo bẹ̀ ọ́, tún un dì. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Ara mi le, ilé wà, ṣọ́ọ̀bù wà, àwọn oníbàárà ń wá. Kò sí ohun tó ń ṣe mí ju inú tó ń bí mi lọ.

Mo gbọ́ ẹkún rẹ ní ọjọ́ Àìkú. Mo gbọ́ ọ nígbà tí o ní, "Màmi, Bàbá ní kí n má lọ sí Ìmẹ̀kọ mọ́. Wọ́n ní ọmọbìnrin ilé àwọn kò ní máa fi iná mànàmáná ta aláìsàn lára." Mo gbọ́ nígbà tí o ní ìyá Ṣẹ́gun, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ, náà ti gbọ́ sí i, wọ́n sì ti ń bèèrè bóyá o kò lè wá iṣẹ́ tíṣà. Kí n tó dáhùn, bátìrì fóònù mi kú. Ó dára bó ṣe kú. Ohun tí mo fẹ́ sọ pọ̀ ju ohun tí èèyàn ń sọ lórí fóònù lọ, òmíràn sì wà nínú rẹ̀ tí mi ò ní lè sọ bí mo bá ń gbọ́ ohùn rẹ.

Nítorí náà, ìdáhùn mi nìyí kí n tó sọ ìdí rẹ̀: lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́ bá ọ ní Ìmẹ̀kọ. Wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ, wọ inú ilé ìwòsàn náà lọ, sọ fún wọn pé ìwọ ni fisió tuntun tí wọ́n ń retí, ẹni tó ń mú kí apá àti ẹsẹ̀ tó ti kú tún ṣiṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá fẹ́ bínú, kí ó wá bá mi ní Ìlaró kí ó wá bínú. Àga pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi.

O mọ̀ mí sí ìyá tó máa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù." Ní ti ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní sùúrù kankan. Mo ti lo sùúrù tèmi tán lórí ọ̀rọ̀ iná, ó sì gba ohun tí kò ní padà wá lọ́wọ́ ilé wa. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwà òmùgọ̀ tèmi, kí o má bàa rò pé láti inú oyún ni mo ti gbọ́n wá.

Èkíní. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo ń kọ́ iṣẹ́ irun lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Ìlaró níbí. A ní diráyà ńlá kan, èyí tó dà bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ dé oníbàárà lórí kí irun rẹ̀ lè gbẹ. Pílọ́ọ̀gì rẹ̀ ti fọ́. Ọ̀gá wa ní kí a má lò ó títí àwọn fi máa rí ẹni tó máa pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọ̀gá jáde, oníbàárà pọ̀, mo sì fẹ́ fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ọwọ́ mi yá. Mo bó ẹnu wáyà méjèèjì, mo kì wọ́n bọ ihò sókẹ́ẹ̀tì, mo wá fi igi ìṣáná há wọn mọ́ ibẹ̀. O mọ̀ ọ́n. O ti rí i ní ilé púpọ̀. Nígbà tí diráyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Tíṣà ilé ìwé àwọn ọmọ kékeré kan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Tíṣà Róòdà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Irun wọn tutù, wọ́n ti bọ́ bàtà, omi tí a fi fọ orí ti dà sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Diráyà náà ń gbóná jù, wọ́n na ọwọ́ láti tì í sókè díẹ̀. Iná gbé wọn. Mi ò ní gbàgbé bí ojú wọn ṣe rí: ẹnu là, ohùn kò jáde. Èmi dúró bí òpó. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó dàgbà jù mí lọ ló gbé àpótí ìjókòó onígi tó fi gbá wáyà náà yọ lára ògiri. Tíṣà ṣubú. Àtẹ́lẹwọ́ wọn jó, wọ́n sì gbọ̀n títí kí wọ́n tó lè sọ orúkọ ara wọn.

Nígbà tí ọ̀gá dé, mo ní, "Iná ló ṣàdédé pọ̀ jù, mà." Ọ̀gá gbà mí gbọ́. Àwọn igi ìṣáná náà ti wà nínú àpò mi.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ń gbé irọ́ náà kiri. Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo lọ sílé Tíṣà, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́. Wọ́n ní, "Mo ti mọ̀. Mo nà gbalaja sílẹ̀ níbẹ̀, mo ń wò ọ́ bí o ṣe ń ṣa igi ìṣáná. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o máa wá ni." Mo sọ fún wọn pé ẹ̀rù iná ti ń bà mí, pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ irun sílẹ̀. Wọ́n ní, "Iná kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ọwọ́ wàdùwàdù tìrẹ ló ṣe é. Padà síbi iṣẹ́, lọ kọ́ ọwọ́ rẹ."

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú nínú rẹ̀ nìyí. Kí o tó lẹ ohunkóhun mọ́ ara aláìsàn, fi ojú àti ọwọ́ tọ wáyà náà láti orí dé ìdí. Bí ó bá ti bó, má lò ó, ì báà jẹ́ ọ̀gá pátápátá ló ní kí o lò ó. Sọ pé o kò lò ó. Jẹ́ kí wọ́n bínú. Bí àṣìṣe bá sì ti ọwọ́ rẹ wá, má dúró di ọjọ́ kẹsàn-án. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Àti nínú yàrá tí o gbà ní Ìmẹ̀kọ, nítorí mo mọ̀ ọ́, o máa ń kánjú láàárọ̀. Bọ́ílà ọwọ́ tí o ń kì bọ garawa omi ìwẹ̀, yọ ọ́ kúrò lára iná kí o tó fi ìka tọ́ omi wò, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Má gbé hándíráyà sún mọ́ garawa. Má sùn lórí fóònù tó ń gba iná. Kílípà tí o fi ń gé irun ẹ̀yìn ọrùn rẹ, má yá ẹnikẹ́ni. Bí ojú bá sì tì ọ́ tí o yá a, fi sípíríìtì nù ún kí o tó tún lò ó. Iṣẹ́ ìwòsàn ni o kọ́, ṣùgbọ́n iná kì í wo sátífíkéètì.

Èkejì. Èyí ni èyí tí mi ò lè sọ lórí fóònù.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tí bàbá rẹ kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni o ti bi mí ní ohun tó pa á, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sọ fún ọ pé ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Mo fẹ́ sọ ìyókù fún ọ báyìí.

Bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle bó bá ń gun òkè lọ sí ilé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà. Á dúró láàárín ọ̀nà, á ṣe bí ẹni tó ń wo oko olóko, kí àwọn ọmọ ilé ìwé má bàa mọ̀ pé èémí ló ń wá. Ó sọ fún mi pé àyà òun máa ń sáré, á dúró díẹ̀, á tún sáré. A lọ rí dókítà. Dókítà kọ ìwé kí a lọ yẹ ọkàn rẹ̀ wò, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń lẹ àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ èèyàn, tí ẹ̀rọ kan á sì máa ya ìlà sórí pépà.

A mú ìwé náà dé Òkè-Ọ̀dàn, nítorí bàbá rẹ kì í ṣe nǹkan láì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá Òkè-Ọ̀dàn ka ìwé náà, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní, "Wáyà? Ní àyà? Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára ni wọ́n tún fẹ́ fi iná sí lára? Àbúrò mi, wọn ò ní fi iná pa ọ́ lójú mi." Wọn kì í ṣe ẹni burúkú, Ìbídùn. Omi wà lójú wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n fẹ́ràn bàbá rẹ ju ara wọn lọ. Ìbẹ̀rù ló gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀.

Bàbá rẹ yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá Ìbídùn, kí ni ìwọ rí sí i?"

Ọmọ mi, èmi ni mo ń fi iná ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ nínú ilé yẹn. Èmi ló yẹ kí n sọ pé ẹ jẹ́ ká padà lọ bi dókítà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Tíṣà Róòdà tó jó ni mo rí lójú mi. Mo ní, "Ohun tí Bàbá bá sọ ni." Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Mo ká ìwé dókítà sínú Bíbélì ńlá, a ń gbàdúrà, a ń gún agúnmu.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó ń wọ bàtà láàárọ̀ láti lọ sí ilé ìwé. Ó wọ ti ọ̀tún. Kò wọ ti òsì.

Mi ò sọ pé àyẹ̀wò náà ìbá gbà á là. Mo ti bi dókítà méjì, kò sí èyí tó fọwọ́ sọ̀yà fún mi. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọn ìbá mọ ohun tó ń ṣe é, àwa la sì ti ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí o wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, o wálé, o jókòó tì mí nídìí ààrò, o ń sọ ohun tí wọ́n kọ́ yín. O ní, "Màmi, ẹ̀rọ yẹn kì í fi iná sí èèyàn lára rárá. Ọkàn fúnra rẹ̀ ló ní iná tirẹ̀ díẹ̀ tó fi ń lù. Ńṣe ni ẹ̀rọ yẹn kàn ń tẹ́tí sí i." O ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọmọorógùn sílẹ̀ tí mo sì jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó fẹ́ tẹ́tí sí bàbá rẹ ni a sá fún.

Nítorí náà, bí aláìsàn bá rí wáyà tó fà sẹ́yìn, má pè é ní aláìmọ̀kan. Èmi ni yẹn. Bàbá rẹ ni. Jókòó tì í. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá tìrẹ lákọ̀ọ́kọ́ kí ó rí i. Bá a sọ ọ́ ní ohùn ilé rẹ̀. Kétu ni àwọn ará Ìmẹ̀kọ, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń fọhùn, kọ́ ọ. Má sì bá aláìsàn nìkan sọ̀rọ̀. Bèèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wá ìyàwó tó dúró sẹ́yìn rí, ẹni tí wọ́n máa bi nílé pé kí ni ó rí sí i. Òun gan-an ni kí o ṣàlàyé fún jù.

Ẹ̀kẹta, o mọ ìdajì rẹ̀. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo jí láàárọ̀, mo bu omi sẹ́nu, omi náà gba ẹ̀gbẹ́ kan dà sí mi láyà. Mo wo dígí ṣọ́ọ̀bù. Ojú mi òsì kò lè pa dé, ẹnu mi sì ti wọ́ lọ sí apá ọ̀tún. O wà ní ilé ìwé, mi ò pè ọ́. Àwọn aládùúgbò ní ẹ̀mí àìrí ló gbá mi létí. Oníbàárà mi kan wá ní òun mọ ọkùnrin kan ní ìlú Tube, nítòsí bọ́dà, tó ń fi iná wo gbogbo àìsàn: rọpárọsẹ̀, làkúrègbé, ẹ̀yìn dídùn, àìrọ́mọbí, gbogbo rẹ̀ pátá. Èmi tí mo sá fún wáyà dókítà, mo sáré lọ bá wáyà ọkùnrin yẹn. Kí ló fà á? Ó ṣèlérí fún mi. Dókítà kì í ṣèlérí.

Àpótí dúdú kan ló ní, ó ní láti Kútọnu ni wọ́n ti gbé e kọjá. Kùràǹ ni ó ń pe iná, bí àwọn ará òdìkejì bọ́dà. "Màmá, kùràǹ yìí máa fà á padà lẹ́ẹ̀kan náà." Kò bi mí ní ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kò bèèrè bóyá mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó lẹ irin méjì mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó yí bọ́tìnnì. Mo ké. Ó ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bá a. Àpá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, tí mo sọ fún ọ pé irin tí mo fi ń na irun ló jó mi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

O wálé ní ọ̀sẹ̀ kejì, o rí mi, o ò sunkún, o kàn ní, "Màmi, ẹ wọ bàtà." Dókítà tí o mú mi lọ bá sọ òótọ́ fún mi. Ó ní iṣan tó ń darí ojú ló wú, pé oògùn rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ jù bí èèyàn bá tètè lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, pé ojú ọ̀nà Tube ni mo ti fi àwọn ọjọ́ náà ṣòfò. Ó ní ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń padà fúnra rẹ̀, àfi kí n ní àmúmọ́ra. Ó fún mi ní oògùn tí mo máa kán sójú, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa lẹ ìpéǹpéjú pa bí mo bá fẹ́ sùn. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ rí fisió.

Obìnrin kékeré kan bíi tìrẹ ni fisió náà. Ó ní, "Màmá, iná yìí nìkan kò ní wo ojú yín sàn o. Ìrànlọ́wọ́ ni. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ṣe iṣẹ́ náà, níwájú dígí, lójoojúmọ́." Ó lẹ wáyà ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ apá tirẹ̀, mo rí bí ìka rẹ̀ ṣe ń fò fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n fi sí i?" Mo rántí bí bàbá rẹ ṣe yíjú sí mi. Mo ní, "Fi sí i."

Ó dà bí ìgbà tí èèrà ń rìn lójú èèyàn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bú sẹ́kún lórí àga yẹn. Ọmọbìnrin náà rò pé ó ń dùn mí, ó sáré pa ẹ̀rọ. Mo ní kó tàn án padà.

Àárín ìgbà yẹn ni olórí akọrin wa ní ṣọ́ọ̀ṣì wá bá mi. Ó ní, "Màmá Ìbídùn, ẹ kúkú jókòó lẹ́yìn ná, títí ojú yín á fi dára." Mo bi í pé, "Ṣé ojú ni mo fi ń kọrin?" Mo dúró sí ipò mi ní ìlà iwájú, mo fi ìdajì ẹnu kọ orin. Àwọn kan ranjú mọ́ mi. Mo ranjú mọ́ wọn padà. Ẹni tí ojú rẹ̀ kan kò lè ṣẹ́, ta ló máa bá a díje níbi ìranjú? Oṣù mẹ́rin ló gbà kí ẹnu mi tó padà, ó sì ṣì máa ń wọ́ díẹ̀ bó bá rẹ̀ mí. Ó wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Kò dí mi lọ́wọ́.

Má ṣèlérí ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe, Àbẹ̀kẹ́. Bi aláìsàn ní gbogbo ìbéèrè tí wọ́n kọ́ ọ: ṣé ó lóyún, ṣé wọ́n ti fi ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ sí i láyà rí, ṣé ó ń mọ nǹkan lára níbi tí o fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tí kì í bèèrè, tó kàn ń lẹ irin mọ́ èèyàn, ọmọ ìyá ọkùnrin alápòótí dúdú ni, ì báà wọ aṣọ funfun.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, jẹ́ kí n máa sọ ọ́ bó ṣe ń wá. Iná á máa lọ ní Ìmẹ̀kọ. Á lọ nígbà tí aláìsàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Má káwọ́ gbera. Ọwọ́ rẹ méjèèjì wà, omi gbígbóná wà, dígí wà, ẹnu rẹ wà. Ṣùgbọ́n má gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Máa bèèrè iná. Máa kọ̀wé sí wọn. Bèèrè sólà. Kí ọ̀rọ̀ rẹ sú wọn títí wọn á fi gbé e wá kí o lè fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀.

Ní ti Ṣẹ́gun. Ọmọ dáadáa ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní àwọn kò fẹ́ ìyàwó tí yóò máa fọwọ́ kan itan ọkùnrin olókùnrùn. Ìwọ má dá wọn lóhùn. Jẹ́ kí Ṣẹ́gun dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Bí ó bá lè sọ pé, "Màmá, iṣẹ́ ìwòsàn ni," fẹ́ ẹ, màá jó níbi ìgbéyàwó yín. Bí ó bá wá sọ fún ọ pé ohun tí Màmá bá sọ ni, ọmọ mi, sá. Mo mọ ibi tí gbólóhùn yẹn ń gbé èèyàn lọ.

Má sì bú Bàbá Òkè-Ọ̀dàn. Máa kúnlẹ̀ kí wọn, máa pè wọ́n ní Bàbá. Orúnkún lè wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ sì dúró ṣánṣán. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí mo ṣe é lánàá.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ọ̀dàn. Bàbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń rẹ́ àgbàdo. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé kò sí?" Mo ní, "Ìbídùn ń lọ sí Ìmẹ̀kọ, sà." Wọ́n ní àwọn ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀, sà. Èmi kò tíì sọ tèmi." Mo wá sọ ohun tí ẹ̀rọ yẹn jẹ́ fún wọn, bí o ṣe sọ ọ́ fún mi nídìí ààrò, pé ńṣe ló kàn fẹ́ tẹ́tí sí ọkàn àbúrò wọn.

Wọ́n gbé àgbàdo sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o wá sọ fún mi pé èmi ni mo pa àbúrò mi?"

"Rárá, sà. Mo wá sọ pé ẹ̀yin àti èmi la ní kí wọ́n má yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti ń ru ìdajì tèmi láti ọdún méjìdínlógún. Mi ò ní gbé e lé ọmọ rẹ̀ lórí."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo dúró lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún fi dùn mí. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dìde. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mi ò kó ọ̀rọ̀ mi padà.

Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Màmá Òkè-Ọ̀dàn ni, ìyàwó Bàbá. Gèlè wọn ti yẹ̀ díẹ̀. Ojú onídìrí ni tèmi, mo rí i lójú kan náà: apá òsì orí wọn ni wọ́n yà dáadáa, ti ọ̀tún kò kan òòyà rárá. Wọ́n rí ibi tí mo ń wò. Wọ́n ní, "Ó ti lé ní ọdún kan tí n kò ti lè gbé apá yìí kọjá èjìká. Bàbá yín ní ọjọ́ orí ni." Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá èjìká ọ̀tún wọn mú. "Ṣé ọjọ́ Ajé ni Ìbídùn ń bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ Ajé ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà ibẹ̀ wò yín kí Ìbídùn tó fọwọ́ kàn yín. Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá ní apá tiwọn," ni wọ́n wí. "Tèmi ló ń dùn mí."

Wọ́n bi mí ní aago tí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ máa ń gbéra lọ sí Ìmẹ̀kọ. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe pẹ̀lú ọwọ́ kan, wọ́n sì padà sílé.

Nítorí náà, Ìbídùn, má pẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tí o kọ́kọ́ máa tọ́jú ti ń bọ̀ lọ́nà.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Dọkáàsì.